Ta Ló Wọ Abẹ́ Ọkọ̀ Yìí Kẹ́yìn?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Chevron títí dé Ajah lọ́nà Lekki, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ òní kàn jù. Mo fẹ́ bá àwọn tó ń wa jíìpù àgbà sọ̀rọ̀, jíìpù tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọ ń fà á: 4Runner, Prado, Pathfinder, Pajero àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n pọ̀ lọ́nà wa yìí, ìdí rẹ̀ ò sì fara sin. Ẹni tó bá ti gba Addo lọ sí Badore lọ́jọ́ òjò, tàbí tí ọkọ̀ kékeré rẹ̀ ti rì sínú iyanrìn rí lẹ́yìn Sàngótẹ̀dó, ó mọ̀ pé ọkọ̀ tó ga kì í ṣe fáàrí níbí. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti lo ọdún pípẹ́ lókè òkun kí wọ́n tó gúnlẹ̀ ní èbúté, wọ́n sì tún ti lo ọdún mìíràn lọ́wọ́ wa. Bí ọkọ̀ bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Èmi náà ní ọ̀kan. Ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, bí mo bá kúrò ní Jakande, tí ọ̀nà là díẹ̀, tí mo tẹná dé kìlómítà 70 ní wákàtí, ilẹ̀ ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí oyin pọ̀ nínú àpótí. Tó bá fi máa di 80, dígí tí mo fi ń wo ẹ̀yìn á máa gbọ̀n débi pé iná ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń bọ̀ lẹ́yìn á di méjì, á di mẹ́ta lójú mi. Bí mo bá kọjá 100, á rọlẹ̀ díẹ̀. Bí mo bá tún dẹwọ́ eré, tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní 80, á tún dé.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bálánsì táyà. Wọ́n ká òjé àtijọ́ kúrò lára ríìmù, wọ́n lẹ tuntun mọ́ ọn, mo sanwó. Ó ń gbọ̀n síbẹ̀. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì síìtì ni. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, mo sanwó. Ó ń gbọ̀n síbẹ̀. Ẹni kẹta wà á fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ákísà nu ọwọ́, ó ní, “Àǹtí, jíàbọ́ọ̀sì ti lọ. Ẹ tètè wá tòkunbọ̀ kan ní ọjà Ládípọ̀ kó tó já yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà.” Ẹ̀rù bà mí. Mo ti ń ka owó, mo sì ti bẹ ẹ̀gbọ́n mi kan pé kó yá mi ní èyí tó kù.

Aládùúgbò mi kan ló ní kí n má tíì rà á. Ó mú mi lọ bá bàbá kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe lọ́nà Langbasa, lábẹ́ igi fúrúùtù kan. Bàbá yìí kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò bèèrè ohun tí àwọn yòókù sọ. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi mí. “Ìyàwó mi, lórí eré wo ló ń bẹ̀rẹ̀? Kí lò ń fi ẹsẹ̀ ṣe nígbà yẹn, ṣé ò ń tẹná ni àbí o ti gbé ẹsẹ̀ kúrò? Ta ló wọ abẹ́ ọkọ̀ yìí kẹ́yìn?” Mo dáhùn méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, mo ní kò sí ẹnì kankan, Bàbá. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n pa dà wá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọ̀nà bá dá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni owó yín wà. Ohun tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀ pọ̀, eré wọn kò sì dọ́gba. Ẹ́ńjìnnì ń yí tirẹ̀, táyà ń yí tirẹ̀, ọ̀pá irin gígùn tó ń gbé agbára láti jíàbọ́ọ̀sì lọ sí axle, èyí tí gbogbo mẹkáníìkì wa ń pè ní pùròpẹ́là, ń yí tirẹ̀. Gbígbọ̀n kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ohun tí gbígbọ̀n náà ń tẹ̀ lé, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó ń gbọ̀n, láìtíì tú bóòtù kan.

Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n níbi tó dúró sí, tí jíà wà ní D, tí ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì, tó sì balẹ̀ bí ẹ ṣe fi sí fíríì (N), ẹ́ńjìnnì síìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Púlọ́ọ̀gì tí kò jó dáadáa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í sábà balẹ̀ pátápátá ní fíríì. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ bíréèkì nìkan ni sitíárìn ń jó lọ́wọ́ yín, dísìkì iwájú ni. Ìwọ̀nyẹn kì í pẹ́ yé ènìyàn. Èyí tó ń kó owó lọ ni èyí tó ń dé lórí eré.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, mo wa ọkọ̀, Bàbá jókòó ti mi. Ó bu omi sínú ife oníke kan dé ìdajì, ó gbé e sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà láàárín ìjókòó méjèèjì. A kọjá Abraham Adesanya, a kọjú sí Awoyaya. Ọ̀nà dá. Mo tẹ̀ ẹ́ dé 80, ó bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní, “Fi sí fíríì.” Mo fi sí fíríì. Aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì já wálẹ̀ láti nǹkan bí 2,000 sí 700. Ọkọ̀ ń yọ̀ lọ fúnra rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Omi inú ife kò dákẹ́. Òrùka wẹ́wẹ́ ń yí lójú omi náà, wọ́n sún mọ́ra bí ìlà ojú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù.

“Ìyàwó mi,” Bàbá ní, “ẹ́ńjìnnì ti sùn, omi ṣì ń gbọ̀n. Kí lo fẹ́ fi jíàbọ́ọ̀sì tuntun ṣe?”

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tó fẹ́ dán èyí wò: ojú ọ̀nà tó dá, tó tọ́, tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ má pa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lórí eré láé. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, sitíárìn á le bí òkúta, ó sì lè há. Bíréèkì náà kò ní gba ẹsẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìtẹ̀ kan tàbí méjì. Fíríì ni, kì í ṣe pípa. Bí ẹ bá sì fẹ́ dá a pa dà sí D, ẹ rọra dẹwọ́ eré ná.

Ohun tí fíríì ń sọ nìyí. Bí gbígbọ̀n bá kú lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ wà lápá ibi tí agbára ti ń jáde: ẹ́ńjìnnì, torque converter tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà, ẹ́ńjìnnì síìtì, tàbí CV joint iwájú, ìsopọ̀ tó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú, tí inú rẹ̀ ti jẹ, nítorí òun kì í sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá di ẹrù lé e. Bí gbígbọ̀n bá dúró bó ṣe wà, ohun tó ń yí pẹ̀lú ilẹ̀ ni: táyà, ríìmù, bíárìn táyà, tàbí pùròpẹ́là. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gé abẹ́ ọkọ̀ sí méjì pẹ̀lú ife omi kan.

Báwo wá ni a ṣe ń ya táyà sọ́tọ̀ kúrò lára pùròpẹ́là? Òrùka omi yẹn ló sọ ọ́. Táyà jíìpù tó wọ́pọ̀, bí 265/65 oní ríìmù 17, máa ń gba nǹkan bíi mítà méjì àti ààbọ̀ díndín nílẹ̀ kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ní kìlómítà 80 ní wákàtí, ó ń yí nǹkan bí ìgbà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pùròpẹ́là ń yí ju bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin, nítorí jíà inú axle ló ń dín eré náà kù kó tó dé táyà. Ìyẹn bí ìgbà 36 ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ara ènìyàn mọ ìyàtọ̀ méjèèjì dáadáa. Ìgbọ̀n táyà jẹ́ jìgì, jìgì, jìgì. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á, ó ń mi sitíárìn bó bá jẹ́ iwájú, ó ń mi ìdí yín lórí ìjókòó bó bá jẹ́ ẹ̀yìn. Ìgbọ̀n pùròpẹ́là kò ṣeé kà. Ó ń kùn ni. Ó ń gba ilẹ̀ ọkọ̀ wọ àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń gun ọ̀pá dígí. Ẹni tí kò bá gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀, fóònù tó wà lápò rẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú tó ń mọ ìmìtìtì, áàpù wà tó lè ka iye rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé e kalẹ̀ níbi tí Bàbá gbé ife sí, kí ẹlòmíràn máa wò ó.

Kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé jíàbọ́ọ̀sì kì í ṣẹ̀ rárá. Ó ní irú ìgbọ̀n tirẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ lọ́nà Lekki. Nínú jíà tó ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀, ọ́ìlì ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà. Ẹ gbé fáànù méjì kọjú síra, ẹ tan ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ á máa yí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni torque converter ṣe ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ló dúró fún afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń sá geerege, kílọ́ọ̀ṣì kékeré kan nínú rẹ̀ á de méjèèjì pọ̀ kí epo má baà ṣòfò. Bí ọ́ìlì bá ti gbó, tàbí tí kì í ṣe irú rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì yẹn á máa dì í mú, á máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Lójú ẹni tó ń wakọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó gun àwọn ìlà kọnkéré tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀nà tó dín: gbrrrr, bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó dákẹ́. Ó sábà máa ń wá láàárín 60 sí 80, tí ẹ kàn ń fẹsẹ̀ ba iná, tí ẹ kò tẹ̀ ẹ́ gan-an. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì O/D kí overdrive kúrò, tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ láìgbé ti ọ̀tún kúrò. Bó bá kú lójú kan náà, ẹ ti mú un.

Àní nígbà náà pàápàá, ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yí, kì í ṣe jíàbọ́ọ̀sì. Ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ yọ bó bá ní i, ẹ kán an sórí ìwé funfun. ATF, ìyẹn ọ́ìlì jíà yìí, tó bá dára, pupa ni, ó mọ́. Èyí tó ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ti rí wàhálà. Wákàtí mẹ́ta nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lójoojúmọ́, nínú oòrùn, á sè é bí ọbẹ̀. Èyí tó bá dà bí ògì bàbà tí wọ́n bu mílíìkì sí, ẹ pa ọkọ̀ náà síbẹ̀, ẹ má wà á lọ ibì kankan: omi rédíétọ̀ ti wọ inú ọ́ìlì jíà, nítorí inú rédíétọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń mú un tutù nínú púpọ̀ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Irú ọ́ìlì tí ọkọ̀ yín ń lo wà nínú ìwé rẹ̀. T-IV kì í ṣe WS, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Toyota ló ni méjèèjì, ẹni tó bá sì ní “gbogbo wọn kan náà ni” kò fẹ́ràn jíàbọ́ọ̀sì yín.

Ẹ jẹ́ ká pa dà sábẹ́ igi fúrúùtù. Bàbá fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi igi nínípọn tì í, ó tún fi èkejì tì í, nítorí, ó ní, jáàkì ò ní bàbá. Ó na ara sábẹ́ rẹ̀. Ó di pùròpẹ́là mú, ó gbìyànjú láti gbé e sókè, láti yí i síwá sẹ́yìn. Kírọ́ọ̀sì méjèèjì, ìyẹn ìsopọ̀ orí rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, le, kò sí èyí tó yẹ̀. Ó pè mí. Mo rọ aṣọ mi pọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ibi tó na ìka sí.

Pùròpẹ́là náà ní orí méjì, ọ̀kan lápá jíàbọ́ọ̀sì, ọ̀kan lápá axle. Orí kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka méjì bí kànnàkànnà ọmọdé, kírọ́ọ̀sì sì jókòó sáàárín rẹ̀. Láàárín ọ̀pá náà, ibì kan wà tó pín sí méjì, tí ọ̀kan ti wọ inú èkejì, oníhò eyín eyín, kí ó lè máa gùn kí ó sì máa kúrú bí axle bá ń fò lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Bàbá ní kí n wo orí iwájú: ẹ̀ka rẹ̀ dúró ṣánṣán. Kí n wo ti ẹ̀yìn: ó ti dẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi èékánná họ ìdọ̀tí kúrò lójú irin náà. Àmì ọ̀dà kékeré kan wà lápá kan, àmì kejì wà lápá kejì. Wọn kò kọjú síra mọ́. Wọ́n fi bí ìbú àtàǹpàkò jìnnà síra.

“Ta ló wọ abẹ́ ọkọ̀ yìí kẹ́yìn?” Ó tún bi mí.

Ìgbà náà ni mo rántí. Oṣù mélòó kan ṣáájú, ọkọ̀ náà ń dún fín-ín, fín-ín, bí ẹyẹ kékeré, bí mo bá ń rọra wọ inú ẹ́sítéètì wa. Ọmọkùnrin kan ló bá mi wò ó, ó ní kírọ́ọ̀sì ti gbẹ. Òótọ́ ló sọ. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ariwo náà kú, mo dúpẹ́, mo gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tó tú pùròpẹ́là sílẹ̀, ọ̀pá méjèèjì fà yọ kúrò nínú ara wọn, ó sì tì í pa dà bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sàmì sí i kó tó tú u. Gbígbọ̀n kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lójú mi, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, inú gósílóò nìkan ni mo ń wà á. N kò débi tí mo ti lè sáré 80.

Kí ló dé tí àṣìṣe kékeré bẹ́ẹ̀ fi ń mi ọkọ̀ tó wúwo tó báyìí? Kírọ́ọ̀sì ní àbùkù kan tó bá a wáyé. Bí ọ̀pá tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde kò bá tọ́ síra, bí igun bá wà láàárín wọn, èyí tó ń jáde kì í yí geerege. Á yára díẹ̀, á falẹ̀ díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó ń wọlé ń yí bákan náà. Robert Hooke, onímọ̀ ará Ìlú Ọba, ti kọ̀wé nípa ìsopọ̀ yìí ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, débi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi orúkọ Cardano ará Ítálì pè é. Ohun tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ṣe sí àbùkù náà ni pé wọ́n fi kírọ́ọ̀sì kejì sí i, kí èyí tó wà lẹ́yìn máa fà sẹ́yìn nígbà tí ti iwájú ń sáré.

Ẹ wo obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọmọ odó ọ̀kan bá ń lọ sókè, ti èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, odó á dúró jẹ́ẹ́, iyán á fẹ́lẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣi ẹsẹ̀ gbé díẹ̀, tó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ọ́, ọmọ odó á máa ha ara wọn, odó á máa mì, ẹni tó jókòó sí yàrá kejì á mọ̀. Apá wọn kò ṣe nǹkan kan, odó kò ṣe nǹkan kan. Wọn ò kàn bára mu mọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni kírọ́ọ̀sì méjèèjì ọkọ̀ mi. Tuntun ni ọ̀kan, èkejì dára, ìgbà wọn ni kò dọ́gba.

Bàbá tú bóòtù mẹ́rin lẹ́yìn, mẹ́rin níwájú. Kó tó tú ọ̀kankan, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà funfun, ó fà á gba ojú ibi tí irin ti pàdé irin, níwájú, lẹ́yìn, láàárín. Ó fa ọ̀pá náà yọ, ó nu eyín rẹ̀, ó fi gíríìsì sí i, ó yí i títí àmì àtijọ́ méjèèjì fi kọjú síra, ó tì í wọlé. Ó tún rọ gíríìsì sínú kírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan títí èyí tó gbó fi tú jáde létí rẹ̀. Kò tó wákàtí méjì. Owó tó gbà kò tó ohun tí mo ná lórí ẹ́ńjìnnì síìtì. A tún gbé ife omi jókòó, a tún lọ sí Awoyaya. Ní 80, ojú omi náà ń mì bí ọ̀nà ṣe ń mì, òrùka wẹ́wẹ́ yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wo dígí ẹ̀yìn. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ọ̀kan náà ni mo rí.

Kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn ló máa rí báyìí. Lápá tiwa, omi ni ọ̀tá tó ga jù. Àárín ọ̀sà àti òkun ni a kọ́lé sí. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2017, nígbà tí omíyalé bo Lekki àti Victoria Island, tí ọkọ̀ ń wọ́ omi bí ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí omi bẹ́ẹ̀ ń ṣe kì í hàn lọ́jọ́ náà. Inú axle gbóná lẹ́yìn ìrìn; bí omi tútù bá gbá a lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á wá ohun tó máa fà wọlé. Ọ̀nà ìmí kékeré kan wà lórí axle, ó sábà ní rọ́bà tín-ín-rín tó ń gun òkè. Bí rọ́bà yẹn bá ti já, omi ni axle máa fà mu. Ọ́ìlì rẹ̀ á di tíì oní mílíìkì, bíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ẹ bá gba inú omi tó mu táyà dé ìdajì, ẹ tú ìdè ìsàlẹ̀ axle wò láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ́ìlì tuntun kò wọ́n tó bíárìn.

Omi kan náà ń fọ gíríìsì kúrò lára àwọn abẹ́rẹ́ irin inú kírọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun pupa bí osùn létí fìlà rẹ̀, ó ti gbẹ nìyẹn. Ẹrẹ̀ tó gbẹ sínú ríìmù náà tó láti mi ọkọ̀ bíi pé táyà fẹ́ jábọ́. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra táyà mẹ́rin nítorí ẹrẹ̀ tí kò tó ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ẹ fọ inú ríìmù ná.

Ní ti táyà, jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà kò fẹ́ àdàlù. Bí ti iwájú bá tóbi ju ti ẹ̀yìn, jíà tó wà láàárín wọn kò ní sinmi, á máa jà títí yóò fi jẹ. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: bó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín sì ní ọ̀pá tí ẹ fi ń yàn án kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà, ẹ má fi sí 4H lórí ọ̀dà gbígbẹ, àfi bí ìwé rẹ̀ bá gbà á. Ó wà fún iyanrìn àti ẹrẹ̀, níbi tí táyà ti lè yọ̀. Bí ẹ bá ń yí po ní oríta, tí ọkọ̀ ń fà, tó ń ta gbàgbà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ dá a pa dà sí 2H.

Ohun kan wà lọ́kàn mi sí àwọn mẹkáníìkì wa, mo sì ń fi ìfẹ́ sọ ọ́. Ọmọ tó pààrọ̀ kírọ́ọ̀sì mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó mọ iṣẹ́ tó ṣe, ohun tó dá lé lórí ló yanjú. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni kò sọ fún un pé kí o tó tú ohun tó ń yí, fi àmì sí i. Ọ̀dà díẹ̀ ni, ṣọ́ọ̀kì ni, ìlà kan tí wọ́n fi irin họ ni. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá, kí NATA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, náà, fi kún ohun tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gba fíríìdọ̀mù. Ọ̀rọ̀ “ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ wò” ń dùn mí, nítorí owó oníṣẹ́ oṣù ni wọ́n fi ń wò ó, owó ìyá tó ń ta oúnjẹ, owó iléèwé ọmọ. Jíàbọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kí n rà yẹn, ká ní mo rà á, wọn ì bá tú pùròpẹ́là sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé. Wọ́n lè tò ó pa dà bó ṣe yẹ láìmọ̀, kí gbígbọ̀n lọ, kí gbogbo wa sì gbà títí ayé pé jíàbọ́ọ̀sì ló ṣẹ̀. Wọ́n sì lè tò ó bó ṣe wà.

Láti ọjọ́ náà, ìwé kékeré kan wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ abẹ́ rẹ̀, mo ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ọjọ́ náà, iye kìlómítà tó wà lójú aago, àti ohun tó tú. Ẹni tó wọ abẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn ni èmi fúnra mi, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ rọ gíríìsì. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀dà funfun Bàbá ti pọ́n díẹ̀, ẹrẹ̀ Badore ti bò ó lápá kan. Mo fi àtàǹpàkò nù ún. Ìlà náà ṣì tọ́ láti irin kan dé èkejì.